Pẹ́ńṣọ̀n Ìlú Ọba, owó-orí Ògùn: Ohun tó ń da ìṣirò rú fún àwọn tó fẹ̀yìntì lókè òkun tí wọ́n wá ṣí sọ́ọ̀bù ní Mowe, Ibafo àti Ifọ̀

Ẹni tó bá gba òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tó yà sínú àwọn àdúgbò tó wà ní Ibafo àti Mowe, yóò rí àwọn ilé tó rẹwà tó jẹ́ pé owó òkè òkun ni wọ́n fi kọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Ifọ̀, lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta. Ohun tó fà á kò lẹ́jọ́ nínú: ilẹ̀ ibẹ̀ kò wọ́n tó ti Èkó, Èkó náà kò sì jìnnà síbẹ̀. Ẹni tó ń wa bọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Manchester ti ń fi owó ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ń bá a mójú tó iṣẹ́, títí tí ilé fi dúró. Ọjọ́ tó bá fẹ̀yìntì, inú ilé yẹn ló ń bọ̀.

Bó bá dé tán, ara rẹ̀ kì í gba ìjókòó lásán. Kò ní í pẹ́ tí yóò fi ṣí sọ́ọ̀bù. Àwọn kan á máa ta ẹja àti adìẹ inú yìnyín, àwọn kan á dá ilé ìfọṣọ sílẹ̀, àwọn mìíràn á gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, wọ́n á máa ta omi inú ọ̀rá tàbí kí wọ́n máa gé búlọ́ọ̀kù. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn ti kan ẹ̀yin oníṣòwò kéékèèké, yálà ẹ jẹ́ aládùúgbò wọn, ẹ̀ ń kó ọjà fún wọn, tàbí ẹ jẹ́ ẹbí tó ń bá wọn jókòó ti ọjà. Owó tí wọ́n tọ́jú ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Pẹ́ńṣọ̀n ni wọ́n sì gbójú lé pé yóò máa gbé òwò náà títí tí yóò fi lè dá dúró. Àṣìṣe tó ń pa irú òwò bẹ́ẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n méjì ló burú jù nínú wọn. Àkọ́kọ́ ni pé wọ́n rò pé pẹ́ńṣọ̀n náà yóò máa lé sí i bí ọjà ṣe ń wọ́n. Èkejì ni pé nínú gbogbo owó tí àwọn èèyàn ń wá gbà lọ́wọ́ wọn ní sọ́ọ̀bù, wọn kò mọ èyí tó jẹ́ owó-orí gidi àti èyí tí kì í ṣe owó-orí.

Ẹ jẹ́ ká fi bàbá kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká máa pè é ní Bàbá Lọ́ńdọ̀nù, nítorí orúkọ tí àdúgbò máa ń fún irú wọn náà nìyẹn. Ká ní ó fẹ̀yìntì lọ́dún 2016, ó ti san owó Náṣọ́nà Inṣọ́ránsì fún ọdún márùndínlógójì, wọ́n sì fún un ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ pẹ́ńṣọ̀n tuntun tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà, ìyẹn £155.65 lọ́sẹ̀. Ọdún yẹn gan-an ló kó wá sí Mowe. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ fẹ̀yìntì lọ́jọ́ kan náà dúró sí Peckham ní tirẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 2025, £230.25 ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbà lọ́sẹ̀. Èló ni Bàbá Lọ́ńdọ̀nù ń gbà? £155.65 náà ni. Kọ́bọ̀ kò lé e. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn jẹ́ £74.60 lọ́sẹ̀, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó £3,880 lọ́dún. Bí ọdún bá sì ṣe ń gorí ọdún ni àlàfo náà ń fẹ̀ sí i.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ṣàṣìṣe nínú ìwé rẹ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n máa ń fi kún pẹ́ńṣọ̀n ìjọba fún àwọn tó ń gbé nílẹ̀ wọn, àti fún àwọn tó ń gbé ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n bá ní àdéhùn lórí ọ̀rọ̀ náà. Amẹ́ríkà wà nínú wọn, Jàmáíkà àti Philippines náà wà níbẹ̀. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Gánà, South Africa, Íńdíà, Kánádà àti Ọsirélíà pàápàá kò sí níbẹ̀. Iye tí èèyàn ń gbà lọ́jọ́ tó kó dé irú orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀, tàbí iye tí wọ́n kọ́kọ́ fún un bó bá ti wà níbẹ̀ kí àsìkò pẹ́ńṣọ̀n rẹ̀ tó tó, òun ni yóò máa gbà títí ayé. Ó ti ṣẹlẹ̀ pé Jàmáíkà àti Nàìjíríà jọ ṣiṣẹ́ nínú ilé ìwòsàn kan náà ní Birmingham, wọ́n jọ san owó kan náà, wọ́n jọ fẹ̀yìntì, onílé Kingston ń gba àfikún, onílé Ibafo kò gbà. Ó dunni, àmọ́ bí òfin ṣe wí nìyẹn.

Àwọn kan ti gbé e lọ sí kóòtù. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Annette Carson, tó fi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ lọ máa gbé ní South Africa, ló síwájú. Ilé Ẹjọ́ tó ga jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà dá ẹjọ́ rẹ̀ nù lọ́dún 2005. Òun àti àwọn méjìlá mìíràn tún gbé e dé ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ Yúróòpù ní Strasbourg. Lọ́dún 2010, ibẹ̀ náà dá ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láre. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ẹni tó ń gbé lókè òkun àti ẹni tó ń gbé nílé kò sí nípò kan náà, torí iye tí nǹkan ń wọ́n àti bí ọrọ̀ ajé ṣe rí níbi tí kálukú wọn wà yàtọ̀ síra. Àwọn tó fẹ̀yìntì ṣì ń jà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n oníṣòwò tó bá gbọ́n kò ní í kọ ohun tí kò tíì dé ọwọ́ rẹ̀ sínú ìwé ìṣirò.

Ìbéèrè tó yẹ kéèyàn bi ara rẹ̀ ni pé, bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ọ̀pọ̀ wọn kò tètè fura? Náírà ló bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye tí wọ́n ń ṣẹ́ owó ilẹ̀ òkèèrè. Dọ́là tó wà ní bíi N470 ní báńkì fò lọ sí nǹkan bíi N750 láàárín ọjọ́ mélòó kan, nígbà tó sì fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ó ti ń sún mọ́ N1,500. Pọ́n-ùn náà gòkè lọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gba pọ́n-ùn rí i pé náírà òun ti di ìlọ́po méjì, ó rò pé pẹ́ńṣọ̀n òun ti lé sí i, ó tún fi yàrá kan kún sọ́ọ̀bù. Bẹ́ẹ̀, oṣù karùn-ún ọdún yẹn kan náà ni ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí epo bẹntiróòlù tí kò tó N200 di nǹkan bíi N500, tó sì kọjá N1,000 lọ́dún 2024. Owó iná náà fò ní oṣù kẹrin ọdún 2024 fún àwọn tó wà lábẹ́ ìlà tí wọ́n ń pè ní Band A, ó di N225 fún ìwọ̀n kan. Ẹni tó ń ta ẹja inú yìnyín mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, nítorí kò lè pa ẹ̀rọ amúǹkantutù rẹ̀. Lọ́dún 2025 tí náírà wá lágbára díẹ̀ sí dọ́là, owó iná kò bá a wálẹ̀.

Nítorí náà, ìṣirò tó dáa ni kí ẹni tó bá ń bọ̀ nílé kọ pẹ́ńṣọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ ní pọ́n-ùn, kó fi sọ́kàn pé pọ́n-ùn yẹn kò ní í kúrò lójú kan, kó wá béèrè bóyá sọ́ọ̀bù tóun fẹ́ ṣí yóò lè bọ́ ara rẹ̀ kí ọdún méjì tó pé. Bí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, pẹ́ńṣọ̀n ló ń jẹ, kì í ṣe pé ó ń pawó.

Ti àwọn ará Amẹ́ríkà yàtọ̀. Ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó bá fẹ̀yìntì sí Ifọ̀ yóò máa gba owó Social Security rẹ̀, àfikún ọdọọdún á sì máa bá a níbi tó wà. Ṣùgbọ́n ẹrù tirẹ̀ wà níbòmíràn. Amẹ́ríkà kì í fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lórí owó-orí: ibi yòówù kó máa gbé láyé, ó gbọ́dọ̀ máa fi ìwé owó tó ń wọlé fún un ránṣẹ́ sí ìjọba ibẹ̀. Bí gbogbo owó tó wà nínú àwọn àkáǹtì tó ní lókè òkun, tàbí tí wọ́n fún un láṣẹ láti máa buwọ́ lù, bá fi ìgbà kan kọjá $10,000 láàárín ọdún, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àǹtí tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, tẹ́ ẹ wá ní kó bá yín fọwọ́ sí àkáǹtì òwò yín ní báńkì. Ẹ lè ti kó o sí wàhálà láìmọ̀. Kò sí àdéhùn lórí owó-orí láàárín Amẹ́ríkà àti Nàìjíríà, Medicare tó ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà níbẹ̀ kì í sì í sanwó ilé ìwòsàn ní ìlú wa.

Ìwé kan tún wà tó máa ń fa ìdààmú fún àwọn ará Ìlú Ọba. Ilé-iṣẹ́ tó ń san pẹ́ńṣọ̀n níbẹ̀ máa ń fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí àwọn tó ń gbé lókè òkun láti fi mọ̀ bóyá wọ́n ṣì wà láàyè. Èèyàn máa kọ ọ́, ẹlẹ́rìí tí òfin fọwọ́ sí á buwọ́ lù ú, wọ́n á dá a padà. Bí kò bá padà dé lásìkò, wọ́n lè dá owó náà dúró. Ẹ sì mọ bí ọ̀rọ̀ lẹ́tà ṣe rí láwọn àdúgbò tuntun tí òpópónà kò ní orúkọ, tí ilé kò ní nọ́ńbà. Sọ́ọ̀bù tó gbójú lé pẹ́ńṣọ̀n lè jókòó oṣù mélòó kan láìrówó kó ọjà nítorí lẹ́tà kan. Ohun tó dáa ni kí wọ́n lo àdírẹ́sì tó dájú, bí àpótí ìfìwéránṣẹ́, kí wọ́n sì tètè kọ̀wé sí wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti kó kúrò níbì kan sí ibòmíràn. Kí wọ́n tún rántí pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin tàbí ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá-mẹ́tàlá ni wọ́n ń san owó náà sókè òkun. Ẹni tó bá mú ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá kò gbọ́dọ̀ bá oníbàárà ṣe àdéhùn pé òun á máa sanwó ọjà lóṣooṣù láti inú rẹ̀.

Ó kù díẹ̀ lórí ti òkè òkun ká tó dé ilé. Owó-orí wà lórí pẹ́ńṣọ̀n ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ iye tí ọmọ ilẹ̀ náà lè gbà lọ́dún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í san owó-orí jẹ́ £12,570. £155.65 lọ́sẹ̀ kò ju nǹkan bíi £8,094 lọ́dún, nítorí náà pẹ́ńṣọ̀n Bàbá Lọ́ńdọ̀nù nìkan kò dé ibẹ̀. Ẹni tó yẹ kó béèrè dáadáa ni ẹni tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí ṣùgbọ́n tí kò gba ìwé ọmọ ìlú, tó jẹ́ pé ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nìkan ló ní. Láti ọdún 2010, jíjẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth nìkan kò tó mọ́ fún ẹni tí kò gbé ibẹ̀ láti gba àǹfààní £12,570 yìí. Ẹni tó bá sì fi ilé rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù háyà kó tó wá sílé gbọ́dọ̀ mọ̀ pé aṣojú tó ń bá a gba owó ilé ní láti máa yọ ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún san fún ìjọba ibẹ̀, àyàfi bí òun fúnra rẹ̀ bá ti kọ̀wé gba àṣẹ pé kí wọ́n máa san án lódidi, kí òun máa ṣe ìṣirò rẹ̀ lọ́dọọdún.

Ó dilé wàyí. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń sọ pé lórí ilẹ̀ Nàìjíríà, kò sẹ́ni tó ń san owó-orí. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ti pẹ́ nílùú ni. Òfin owó-orí tuntun, Nigeria Tax Act, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún 2025, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026. Lábẹ́ rẹ̀, ẹni tó bá ń gbé Nàìjíríà, tó ní ilé tó ń gbé níbẹ̀, Nàìjíríà ni yóò ti máa ṣírò owó tó ń wọlé fún un láti ibikíbi láyé. Pẹ́ńṣọ̀n tí òfin náà dárúkọ pé kò sí owó-orí lórí rẹ̀ ni èyí tó wá látinú òfin pẹ́ńṣọ̀n ti ilẹ̀ wa, ti ọdún 2014. Ti Ìlú Ọba kì í ṣe irú rẹ̀. Àdéhùn kan wà láàárín Nàìjíríà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1987, kí wọ́n má baà gba owó-orí lẹ́ẹ̀mejì lórí owó kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún òun gbọ́dọ̀ kó ìwé pẹ́ńṣọ̀n àti ìwé owó-orí tó ti san níbẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì owó-orí ìpínlẹ̀. Kò yẹ kó fi wọ́n sínú àpótí, kó máa retí pé ẹnì kan á wá béèrè wọn.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ló ni owó-orí ẹni tó ń gbé Mowe, Ibafo tàbí Ifọ̀. Kódà bó bá jẹ́ pé Èkó lo ti ń ṣiṣẹ́ tàbí tajà, ibi tó ò ń gbé ni òfin ń wò. Ilé-iṣẹ́ tó ń gbà á fún ìjọba Ògùn ni wọ́n ń pè ní OGIRS. Òwò tí wọ́n bá fi orúkọ òwò lásán forúkọ sílẹ̀, tí kì í ṣe kọ́ńpìnnì, èrè rẹ̀ jẹ́ owó tó wọlé fún ẹni tó ni ín, ìpínlẹ̀ ló sì ń gba owó-orí rẹ̀. Bó bá jẹ́ kọ́ńpìnnì, ìjọba àpapọ̀ ni, lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń jẹ́ Nigeria Revenue Service báyìí.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan, torí àwọn èèyàn máa ń bẹ̀rù ohun tí wọn kò tíì ṣírò. Ká ní lẹ́yìn tí Bàbá Lọ́ńdọ̀nù ti yọ owó ọjà, owó iná, owó oṣù ọmọ tó ń bá a tajà àti owó sọ́ọ̀bù kúrò, èrè tó ṣẹ́kù fún un lọ́dún jẹ́ N3,000,000. N800,000 àkọ́kọ́, òfin kò gba nǹkan kan lórí rẹ̀. N2,200,000 tó tẹ̀ lé e, ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ni. Èyí jẹ́ N330,000. Bí kò bá ní ilé tirẹ̀, tó jẹ́ pé ó ń san N600,000 lọ́dún fún ilé tó ń gbé, òfin gbà á láyè láti yọ ìdá ogún owó ilé náà, ìyẹn N120,000, kúrò kí wọ́n tó ṣírò. Owó-orí rẹ̀ á wá di N312,000. Ẹni tí èrè rẹ̀ kò bá ju N800,000 lọ kò ní san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, bó bá jẹ́ pé òun nìkan ló ń wọlé fún un. Èyí kan ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka ìwé ìròyìn yìí. Ṣùgbọ́n bóyá èèyàn máa san tàbí kò ní san, ó ní láti fi ìwé owó tó wọlé fún un sílẹ̀ kó tó di ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹta lọ́dọọdún. Ẹni tí kò ní ìwé ìtajà tó ń kọ, iye tí òṣìṣẹ́ owó-orí bá lérò ni wọ́n á bù fún un, iye bẹ́ẹ̀ kì í sì í ṣe ojúure ẹni.

Ti ìjọba ìbílẹ̀ ló máa ń dàrú jù. Mowe àti Ibafo wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Owódé Ẹ̀gbá. Ifọ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò mọ èyí, wọ́n á sì máa sanwó fún ẹni tó bá kọ́kọ́ mú ìwé dé. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ọ̀rọ̀ ọjà àti ibùdókọ̀, ìwé àṣẹ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ìwé àṣẹ kẹ̀kẹ́ àti ọmọlanke, ìkáwọ́ sọ́ọ̀bù, búkà, ilé búrẹ́dì àti ilé ìfọṣọ, pátákó ìpolówó tó wà níta, àti àṣẹ láti ta ọtí. Nítorí náà, bí ìjọba ìbílẹ̀ bá mú ìwé owó sọ́ọ̀bù wá fún ẹni tó ń fọṣọ, ó lẹ́tọ̀ọ́. Àmọ́ bí ẹnì kan láti ìjọba ìbílẹ̀ bá sọ pé owó-orí lórí èrè ọjà lòun wá gbà, kò lẹ́tọ̀ọ́, torí ti ìpínlẹ̀ nìyẹn. Owó ilé àti ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Land Use and Amenities Charge, ìpínlẹ̀ ló ń gbà á ní Ògùn. Ẹni tó bá tún mú ìwé owó-ilé mìíràn wá, ẹ ní kó ṣàlàyé bó ṣe yàtọ̀ sí i.

Òfin tí ìjọba ológun ṣe lọ́dún 1998 ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dí ọ̀nà láti gba owó-orí tàbí owó ìlú, àti pé aláṣẹ tí òfin yàn nìkan ló lè gbà á. Síbẹ̀, ẹni tó bá ń fi ọkọ̀ kó omi inú ọ̀rá kiri mọ ohun tí ojú ń rí lọ́nà. Ẹni tó ti lo ogójì ọdún nílùú Òyìnbó, ìbínú ló máa ń mú un nírú ibẹ̀, ariwo á sì sọ. Ariwo kò ran òwò. Kó gba ìwé lọ́wọ́ wọn, kó wo orúkọ ìjọba tó wà lórí rẹ̀ àti orúkọ òfin tí wọ́n fi gbé e kalẹ̀, kó ní òun á lọ sanwó náà sí àkáǹtì ìjọba ní báńkì. Ẹni tó bá jẹ́ pé owó lọ́wọ́ nìkan ló ń fẹ́, tí kò fẹ́ rìsíìtì, ó ti fi ara rẹ̀ hàn.

Lórí ọ̀rọ̀ owó-orí, ilẹ̀ Ẹ̀gbá kì í ṣe ọmọdé. Lọ́dún 1918, owó-orí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ wà lára ohun tó dá Ogun Adúbì sílẹ̀, àwọn tó bínú sì fa irin ojú ọ̀nà reluwé tu. Lọ́dún 1947, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì kó àwọn obìnrin ọlọ́jà jáde ní Abẹ́òkúta nítorí owó-orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn, Aláké Adémọ́lá Kejì sì fi orí oyè sílẹ̀ lọ́dún 1949. Ọlọ́jà làwọn obìnrin wọ̀nyẹn, oníṣòwò kéékèèké bíi tiyín. Wọ́n mọ iye tí wọ́n ń bù lé wọn àti ẹni tó ń bù ú, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n lè bá a jà.

Owó kan wà tí kì í ṣe owó-orí rárá, tó sì lè ju owó-orí lọ. Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò, tí wọ́n ń pè ní CDA, máa ń dá owó fún ọdẹ, fún gbígbá ojú ọ̀nà, fún tiransifọ́mà àti òpó iná. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ á rí ìjà àwọn aládùúgbò rẹ̀, àwọn náà sì ni oníbàárà rẹ̀. Kó wá sí ìpàdé, kó béèrè ìṣirò, kó sì kọ owó náà sínú ìnáwó sọ́ọ̀bù bó bá jẹ́ pé torí sọ́ọ̀bù ló ṣe san án. Ti ọmọ onílẹ̀ yàtọ̀. Owó ìpìlẹ̀, owó òrùlé, owó géètì, kò sí èyí tó jẹ́ ti ìjọba nínú wọn. Ìjọba Ògùn ṣe òfin lọ́dún 2016 láti fi dá àwọn tó ń fipá gba ilẹ̀ lẹ́kun. Kó tó dìgbà yẹn, lọ́dún 2013, Gómìnà Ìbíkúnlé Amósùn ti gbé ètò kan kalẹ̀ fún àwọn onílé tí kò ní ìwé, kí wọ́n lè gba ìwé àṣẹ ilẹ̀ àti ti ilé kíkọ́ ní owó pọ́ọ́kú. Ọ̀pọ̀ tó wà lókè òkun nígbà náà kò gbọ́ sí i. Ẹni tí kò bá tíì ní ìwé ilẹ̀, kó má ṣe na owó pẹ́ńṣọ̀n lórí sọ́ọ̀bù iwájú ilé kó tó wá ọ̀rọ̀ ìwé náà ṣe.

Ọ̀rọ̀ ìlera gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò òwò náà, nítorí ó ti tú sọ́ọ̀bù púpọ̀ ká. Ẹni tó bá ti kó kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pátápátá, ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ibẹ̀ kò sí fún un mọ́ bó bá kàn lọ ṣe àbẹ̀wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó san owó fún ogójì ọdún. Yàrá pàjáwìrì ṣì lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá a dúró fún iṣẹ́ abẹ, owó ni. Pẹ́ńṣọ̀n rẹ̀ á gbéra sí iye ti ìsinsìnyí fún àsìkò tó bá fi wà níbẹ̀, bó bá sì ti padà sí Mowe, á tún bọ́ sí iye àtijọ́. Nítorí náà ni àwọn kan fi máa ń ta gbogbo ọjà inú sọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kan náà láti sanwó dókítà. Kí owó ìtọ́jú ara wà lọ́tọ̀, nínú àkáǹtì tí ọjà kò lè fọwọ́ kàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bá wọn ṣòwò, ohun tí wọ́n mọ́ra pẹ̀lú láti òkè òkun ni rìsíìtì. Ẹni tó bá ń fún wọn ní rìsíìtì tó péye, tó sì ń gba owó wọn sí báńkì, òun ni wọ́n máa ń padà wá bá. Rìsíìtì yẹn kan náà ni wọ́n á fi yọ ìnáwó kúrò nínú èrè wọn lọ́jọ́ owó-orí. Àmọ́ kí ẹ má ṣe fi ọjà ńlá sílẹ̀ fún ẹnì kan ní àwìn torí pé ó ń gba pọ́n-ùn. Ẹ ti rí iye tí pọ́n-ùn náà jẹ́.

Èyí tó kẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ tí ẹbí kì í fẹ́ sọ. Ọjọ́ tí bàbá bá jáde láyé ni pẹ́ńṣọ̀n rẹ̀ dópin. Ẹbí gbọ́dọ̀ tètè kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ pẹ́ńṣọ̀n, torí owó yòówù tó bá wọlé lẹ́yìn ìgbà náà, wọ́n á béèrè rẹ̀ padà. Lábẹ́ ètò pẹ́ńṣọ̀n tuntun tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2016, ìyàwó tàbí ọkọ kì í sábà jogún nǹkan kan nínú rẹ̀. Kí Bàbá Lọ́ńdọ̀nù pe ọmọ tàbí àbúrò tó ń bá a tajà jókòó nígbà tára rẹ̀ ṣì le, kó ṣí ìwé ìtajà sílẹ̀, kó fi ìlà pa iye pẹ́ńṣọ̀n tó ń wọ inú rẹ̀ lóṣooṣù rẹ́, kí wọ́n sì jọ wo bóyá ohun tó kù tó láti san owó iná, owó ọjà àti N330,000 ìjọba Ògùn.